Ilà Ojú Àìsàn

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2014, àkùkọ kò tíì kọ nígbà tí ìyá tó ń gbé yàrá kejì sí tèmi l'Ágége fi ọwọ́ gbá ilẹ̀kùn mi: "Bàbá Kúnlé, ẹ dìde o! Wọ́n ní ká fi omi iyọ̀ wẹ̀ kílẹ̀ tó mọ́, kí Ẹbólà má bàa mú wa!"

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, kí n má parọ́ fún yín, mo fi wẹ̀. Ẹ̀rù ló bà mí. Ìdí-kọ̀ n'Íkẹjà, ẹnikẹ́ni kò jẹ́ bọ ẹnìkan lọ́wọ́ mọ́.

Itòsí wa náà lọ̀rọ̀ ọ̀hún gbà wọlé. Ní ọjọ́ 20 oṣù keje, Patrick Sawyer tó ti Làìbéríà wá dákú ní pápákọ̀ òfuurufú Ìkẹjà. Ibà ni wọ́n kọ́kọ́ pè é ní ọsibítù tí wọ́n gbé e lọ. Dókítà Ameyo Adadevoh ló fura, tó sì kọ̀ kó jáde. Ṣùgbọ́n ìfura kì í ṣe ẹ̀rí. Láàrin ọjọ́ díẹ̀, àwọn ọ̀mọ̀wé LUTH ní Ìdí-Àràbà yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, Ẹbólà ni wọ́n bá níbẹ̀.

Báwo ni wọ́n ṣe mọ̀? Láyé àtijọ́, ilà ojú la fi ń mọ ará Ọ̀yọ́ yàtọ̀ sí ará Oǹdó. Kòkòrò àrùn náà ní ilà tirẹ̀. Lẹ́tà mẹ́rin péré ni ìṣẹ̀dá fi kọ ọ́ sí wọn lára. Ti Ẹbólà gùn tó nǹkan bí 19,000 lẹ́tà. Ojú lásán kò lè wá a. Kọ̀ǹpútà ni yóò to ìwé oríṣiríṣi kòkòrò sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, tí yóò ṣa ibi kúkúrú méjì, bíi 20 lẹ́tà lọ́kọ̀ọ̀kan, tó wà lára Ẹbólà, tí kò sí lára ẹlòmíràn. Láti ọdún 1990 ni irinṣẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní BLAST ti mú kí irú ìfiwéra bẹ́ẹ̀ yá kánkán. Ibi méjì yẹn ni wọ́n á fi dẹ pàkúté sínú àyẹ̀wò PCR. Bí ilà náà bá wà nínú ẹ̀jẹ̀, àyẹ̀wò á sọ ọ́ di púpọ̀ títí yóò fi hàn.

Bẹ́ẹ̀ kọ́ ló rí ní ọdún 1969. Nígbà tí àìsàn kan ń pa àwọn nọ́ọ̀sì ìlú Lassa ní Bọ̀nọ́, Yunifásítì Yale l'Amẹ́ríkà ni wọ́n ti bá wa mọ kòkòrò náà. Ó sì pa òṣìṣẹ́ kan níbẹ̀.

Ní ọjọ́ 27 oṣù kejì ọdún 2020, wọ́n rí kòrónà lára ará Ítálì kan tó gba pápákọ̀ Ìkẹjà kan náà wọlé, tó sì bọ́ sí Ewékorò. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹta, Ọ̀jọ̀gbọ́n Christian Happi àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Redeemer's, l'Ẹ́dẹ, ti ka gbogbo lẹ́tà rẹ̀, tó tó 30,000, wọ́n sì ti gbé e fáyé rí.

Èyí ṣe pàtàkì, nítorí kòkòrò a máa pààrọ̀. Bí ilà rẹ̀ bá yí padà lọ́dọ̀ wa, pàkúté tí wọ́n dẹ lókèèrè lè má mú un mọ́. Ẹni tó ń gbé ilé ló ń mọ ibi tó ti ń jò.

Ènìyàn 20 ni Ẹbólà mú ní Nàìjíríà, ó pa 8. Dókítà Adadevoh wà nínú wọn. Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá 2014, àjọ WHO kéde pé ó ti kásẹ̀ nílẹ̀.

Títí dòní, bí ọkọ̀ òfuurufú bá ń sọ̀kalẹ̀ lórí òrùlé wa l'Ágége, mo máa ń rántí omi iyọ̀ yẹn. Ara mi kàn ń yún mí lásán ni. Àwọn tó mọ orúkọ ohun tó wọlé ló gbà wá.