Oyè Tí Olùkọ́ Kò Jẹ

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, àwọn baba wa ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, bẹ́ẹ̀ ni ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ẹ gbọ́ ìtàn olùkọ́ kan tí ìgbésí ayé rẹ̀ bá òwe yìí mu.

Mark Dvoretsky ni orúkọ rẹ̀. Ìlú Mọ́sìkò ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà ni a bí i sí ní ọdún 1947. Eré ṣẹ́ẹ̀sì ni iṣẹ́ rẹ̀, èyí tí ẹni méjì máa ń ta lórí pátákó olójú 64, tí olúkúlùkù ń fi ọmọ 16 lépa ọba ẹnìkejì rẹ̀.

Dvoretsky kì í ṣe òpè nídìí eré náà. Ní 1973 ó gba ipò kìn-ín-ní nínú ìdíje ìlú Mọ́sìkò, níbi tí àwọn ọ̀ta pọ̀ sí. Ní 1975 a fi oyè Ọ̀gá dá a lọ́lá. Oyè kan ṣoṣo ni ó kù lókè, èyíinì ni oyè Ọ̀gá Àgbà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé agbára rẹ̀ tó o, ṣùgbọ́n dípò kí ó máa lépa rẹ̀, ó yíjú sí kíkọ́ àwọn ọ̀dọ́. Kò jẹ oyè náà títí ó fi kú ní 2016.

Ẹ wo èso iṣẹ́ rẹ̀. Ní 1977 Artur Yusupov, tí ó kọ́, gba ipò kìn-ín-ní nínú ìdíje àwọn ọ̀dọ́ gbogbo ayé. Ní 1978 Sergey Dolmatov, tí òun náà jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, tún gbà á. Àwọn méjèèjì ni ó jẹ oyè tí olùkọ́ wọn kò jẹ.

Ọ̀nà wo ni ó gbà? Kì í kọ́ gbogbo ọmọ bákan náà. Yóò kọ́kọ́ yẹ àwọn eré tí ọmọ náà ti ta wò, títí yóò fi rí ibi tí àìlera rẹ̀ wà. Nígbà náà ni yóò yan ìṣòro tí ó bá àìlera náà mu, láti inú àwọn páálí tí ó ti ń kó jọ láti ọdún pípẹ́. Ó sì tẹnu mọ́ ìparí eré, nígbà tí ọmọ kù díẹ̀ lórí pátákó, tí àṣìṣe kan ṣoṣo lè sọ ìṣẹ́gun di òfo. Kò fi ìmọ̀ yìí pamọ́. Ó kọ ọ́ sínú ìwé, òun àti Yusupov sì jùmọ̀ kọ òmíràn. Ìwé ńlá rẹ̀ lórí ìparí eré jáde ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ní 2003.

Ẹ̀kọ́ méjì ni ó wà níbẹ̀ fún yín. Èkíní, ẹni tí ó fi àìlera yín hàn yín kò kórìíra yín. Ọmọ tí ń bínú nígbà tí a bá ṣí ìwé àṣìṣe rẹ̀, báwo ni yóò ṣe gbọ́n? Èkejì, ẹ má ṣe rò pé oyè tí a fi dé yín lórí nìkan ni ọlá. Dvoretsky bá àwọn ọmọ mú ohun tí ó wà lórí pẹpẹ. Àwọn ọmọ sì ti ọwọ́ bọ kèrègbè, wọ́n mú ọlá jáde fún un.