Béárì Alágbe Etí Títì

Igbó ilẹ̀ Yorùbá kò ní béárì. Inú Bíbélì ni ọ̀pọ̀ wa ti mọ̀ ọ́n, nínú ìtàn Èlíṣà, níbi tí ó ti fa àwọn ọmọ ya. Ẹ wá wo bí ẹranko yìí ṣe di alágbe ní Yellowstone, igbó ọba tí Amẹ́ríkà dá sílẹ̀ ní 1872.

Ọdún 1915 ni wọ́n tó gba mọ́tò láàyè níbẹ̀. Láti ìgbà náà ni àwọn arìnrìn-àjò ti ń wọ́ lọ síbẹ̀ nígbà ooru, àwọn mìíràn nínú ọkọ̀ tí wọ́n tẹ́ bẹ́ẹ̀dì sí. Kò pẹ́ tí béárì fi mọ̀ pé oúnjẹ ń bẹ nínú mọ́tò. Wọ́n ń dúró létí títì, àwọn èèyàn sì ń na oúnjẹ sí wọn lójú fèrèsé. John Steinbeck gbé irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ débẹ̀ ní 1960. Ajá rẹ̀, Charley, gbó mọ́ béárì tìbínú-tìbínú títí ọ̀gá rẹ̀ fi ṣẹ́rí padà. Lójú tèmi, ajá yẹn gbọ́n ju àwọn tí ń pín oúnjẹ lọ.

Láti 1931 sí 1969, béárì ń ṣe èèyàn bíi 48 léṣe lọ́dọọdún ní Yellowstone. Ní oṣù kẹjọ 1967, béárì méjì pa ọ̀dọ́bìnrin méjì lóru ọjọ́ kan náà, ní ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ní igbó ọba Glacier ní Montana. Àjẹkù èèyàn ti mọ́ béárì lára níbẹ̀. Ní 1970, Yellowstone ti ààtàn tó kù pa, wọ́n sì fọwọ́ líle mú òfin tó ka fífún béárì lóúnjẹ léèwọ̀. Ọ̀pọ̀ béárì tí kò lè jáwọ́ nínú agbe ni wọ́n pa.

Lónìí, mítà 91 ni àlejò gbọ́dọ̀ fi jìnnà sí béárì níbẹ̀, ó kéré tán.