Ọjọ́ Orí Ìràwọ̀ Ẹnu Ẹja



Tẹ́ ẹ bá jáde lẹ́yìn ìrun Ìṣáì nínú oṣù kẹwàá tàbí ìkọkànlá ọdún, tí ojú ọ̀run sì mọ́, ẹ kọjú sí gúúsù. Ẹ ó rí ìràwọ̀ kan tó dá wà, tó ń tàn ju gbogbo èyí tó yí i ká lọ. Fomalhaut ni gbogbo ayé ń pè é. Lárúbáwá ni orúkọ náà: Famul Hūt, ẹnu ẹja.

Abdur-Rahmān as-Sūfī, tí wọ́n bí ní Rayy nílẹ̀ Páṣíà lọ́dún 903, kọ ìwé ńlá kan lórí àwọn ìràwọ̀ ní nǹkan bí ọdún 964. Ìwé Ptolemy ti wà nílẹ̀ fún bí 800 ọdún ṣáájú rẹ̀, ìbá sì rọrùn fún un láti kàn dà á kọ. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ojú ara rẹ̀ ló fi wọn ìmọ́lẹ̀ àwọn ìràwọ̀, ibi tí ohun tó rí kò bá ti bá ìwé mu, ó sọ ọ́. (Kò mọ nǹkan kan nípa àwọn ayé tó ń yí ìràwọ̀ mìíràn po o. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ ká máa gbé ẹrù tí kò rù lé e lórí.)

Ẹ tún wo àwọn onímọ̀ Hádíìsì wa. Bí ẹnì kan bá ní òun gbọ́rọ̀ lẹ́nu olùkọ́ kan, wọ́n á béèrè ọdún tí wọ́n bí i àti ọdún tí olùkọ́ náà kú. Tí ọdún méjèèjì ò bá pàdé, ọ̀rọ̀ tán. Ohun tí àwọn tó ń wá plánẹ́ẹ̀tì lónìí ń bi ìràwọ̀ kò jìnnà sí èyí.

Ìdí rẹ̀ ni pé plánẹ́ẹ̀tì ńlá máa ń gbóná janjan nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, á sì máa tutù bó ti ń dàgbà. Ẹ̀yìn ìràwọ̀ tó kéré lọ́jọ́ orí, tó sì sún mọ́ wa, ló ti rọrùn jù láti rí i. Ṣùgbọ́n èyí tó kéré tó sì jẹ́ ọmọdé lè mọ́lẹ̀ bákan náà pẹ̀lú èyí tó tóbi tó sì ti dàgbà. Ẹni tí kò bá mọ ọjọ́ orí ìràwọ̀ kò lè mọ bí ohun tó rí ṣe wúwo tó.

Fomalhaut kì í sì í tètè sọ ọjọ́ orí rẹ̀. Àwọn bàbá wa tí wọn ò kọ ọjọ́ ìbí wọn sílẹ̀ ńkọ́? Àbúrò àti ẹgbẹ́ wọn la máa ń bi. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe. Ìràwọ̀ kékeré kan, TW Piscis Austrini, ń bá Fomalhaut rìn pọ̀ lójú ọ̀run, ìgbà kan náà ni a sì dá wọn. Irú ìràwọ̀ kékeré bẹ́ẹ̀ máa ń yí kíákíá nígbà èwe, á wá máa rọra yí bó ti ń dàgbà. Èròjà lithium inú rẹ̀ náà á máa jó tán. Lára àwọn àmì báyìí ni wọ́n ti rí i lọ́dún 2012 pé Fomalhaut ti tó nǹkan bí 440 mílíọ̀nù ọdún, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì iye tí ọ̀pọ̀ ti ń lò tẹ́lẹ̀.

Lọ́dún 2008, wọ́n ti kéde pé wọ́n rí plánẹ́ẹ̀tì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwòrán ọdún 2004 àti 2006 láti inú awò Hubble fi ẹ̀kán ìmọ́lẹ̀ kan hàn, ó sì ti kúrò níbi tó wà tẹ́lẹ̀. Ìdùnnú ṣubú layọ̀. Àmọ́ plánẹ́ẹ̀tì ńlá tó jẹ́ ẹgbẹ́ Fomalhaut yẹ kó ṣì máa mú ooru jáde. Wọ́n fi awò Spitzer wá ooru náà, wọn ò rí i. Nínú àwòrán ọdún 2014, ẹ̀kán náà fúnra rẹ̀ ti pòórá. Lọ́dún 2020, Gáspár àti Rieke ṣàlàyé pé ìkúùkù eruku ni, látara nǹkan méjì tó kọlu ara wọn, ó sì ń fẹ̀ títí tí kò fi ṣeé rí mọ́.

Kó tó di ìgbà yẹn, ní ọdún 2015, wọ́n ti sọ ọ́ lórúkọ. Dagon ni wọ́n pè é, orúkọ òrìṣà àwọn ará Filísítínì.