A Kì í Ti Kóòtù Bọ̀ Ká Ṣọ̀rẹ́

“A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́,” làwọn àgbà wí. Ẹni tó bá gbọ́ òwe yìí lérèfèé lè rò pé adájọ́ ni wọ́n ń bá wí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Adájọ́ ṣe tiẹ̀: ó dá ọ̀kan láre, ó dá èkejì lẹ́bi. Ohun tí òwe náà ń sọ ni pé ìdájọ́ a máa parí ẹjọ́, ṣùgbọ́n kì í sábà parí ìjà. Ẹni tó jàre ń yan, ẹni tó jẹ̀bi di kùnrùngbùn sínú.

Tíṣà kì í ṣaláì dájọ́ lójoojúmọ́. Ní Sabon Gari, Kano, níbi tí ọmọ Yorùbá, Ìgbò, Hausa àti ẹ̀yà mìíràn ti ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà, ẹjọ́ kì í tán nílẹ̀. Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀kan. Láàárọ̀, ní ọjà Singer, tírélà ń já páálí sípàgẹ́tì àti àpò ṣúgà, àwọn alágbàárù ti fi bárò dí ọ̀nà. Ọmọ kan bá ìyá rẹ̀ ṣí ṣọ́ọ̀bù kó tó lọ síléèwé, ló bá pẹ́ dé. Tíṣà nà án. Kó tó di ọ̀sán, ìyá ti dé ọ́fíìsì ọ̀gá iléèwé, ó ń pariwo. Ta ló jàre?

Dípò ká dájọ́, bí àwọn tíṣà bá fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré láàrin ara wọn, ẹ ní kí ẹni tó gbàgbọ́ nínú ẹgba jù lọ ṣe ìyá. Kí ẹlòmíràn ṣe ọmọ, kí ẹnì kẹta ṣe tíṣà. Bí ìjà bá gbóná, adarí eré á ní, “Ẹ dúró!” Ẹni tó bá rò pé òun mọ ọ̀nà tó sàn kò gbọdọ̀ sọ ọ́ láti orí àga, kó dìde, kó gba ipò ẹnì kan, kí eré tún bẹ̀rẹ̀. Tíṣà tó ń ṣe ìyá ni yóò wá rò ó pé oníbàárà tó fẹ́ ra ogún páálí kì í dúró de ṣọ́ọ̀bù tó tì.

Ọ̀nà yìí ní orírun. Ní 1973, Augusto Boal, ọmọ Brazil tí ìjọba ológun ti sọ di ìsáǹsá, ń ṣiṣẹ́ nínú ètò mọ̀-ọ́n-kọ-mọ̀-ọ́n-kà ní Peru. Nígbà tí eré ń lọ lọ́wọ́, obìnrin kan gba àwọn òṣèré nímọ̀ràn, wọ́n ṣe é, ó ní bí òun ṣe wí kọ́ nìyẹn. Wọ́n tún un ṣe, kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Boal bá ní kó gun orí ìtàgé wá ṣe é fúnra rẹ̀. Nílé wa níhìn-ín, ní Zaria tí kò jìnnà sí Kano, àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ eré ní Ahmadu Bello University ti ń bá àwọn àgbẹ̀ abúlé ṣeré lórí ìṣòro wọn láti ìparí àwọn ọdún 1970.

Eré kò lè gba iṣẹ́ òfin ṣe o. Bí wọ́n bá ṣe ọmọ léṣe, ọ̀rọ̀ di ti aláṣẹ.

Ewu kan tún wà níbẹ̀. Àsínjẹ kò ṣàjèjì sí Yorùbá. Nígbà tí Clapperton, òyìnbó tó ti dé Kano ní 1824, dé Ọ̀yọ́ Ilé ní 1826, eégún aláré di òyìnbó níwájú rẹ̀: ó rù hangogo, ó ń fín áṣáà, ó ń fọwọ́ ra ọwọ́ bí ẹni òtútù ń pa. Èrò rẹ́rìn-ín. Irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ lè dáná sílẹ̀ ní Sabon Gari, níbi tí wọn kò tíì gbàgbé oṣù keje 1999, tí ìjà Hausa àti Yorùbá bẹ́ ní Ṣágámù tó sì ràn dé Kano. Nítorí náà, kí tíṣà Yorùbá má ṣe ka èdè tó wọ́ lẹ́nu Hausa sí eré, kí Hausa má ṣe bẹ́ẹ̀ fún Ìgbò. Ẹni tí wọ́n ń ṣe ipò rẹ̀ ló láṣẹ láti dá eré dúró, kó ní, “Èmi kọ́ nìyẹn,” kó sì fi bó ṣe rí gan-an hàn wọ́n.