Ta Ló Kọ Ìwé Ìhìn Rere? Ẹ̀kọ́ Kan Láti Inú Ìtàn Bíbélì Yorùbá

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, níbi ẹ̀kọ́ Bíbélì ìrọ̀lẹ́ kan ní agbègbè Ìdó-Èkìtì yìí, ọ̀dọ́mọkùnrin kan dìde, ó ní: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, níbo ni Mátíù ti sọ nínú ìwé rẹ̀ pé òun lòun kọ ọ́?" Inú bí wa. A ní ẹ̀mí iyèméjì ló ń bá a jà, a ní kí ó jókòó, a sì pe ìjọ sí àdúrà. Kò wá sí ẹ̀kọ́ Bíbélì mọ́ láti ọjọ́ náà. Nígbà tí a délé, a ka ìwé Mátíù láti orí 1 dé orí 28, a sì rí i pé òótọ́ ló sọ. Nítorí tirẹ̀ ni a ṣe ń kọ èyí, àti nítorí ẹ̀yin tí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ń bọ̀ wá bá.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ gba ohun tó wà nílẹ̀. Nínú ìwé Ìhìn Rere mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kò sí èyí tí ẹni tó kọ ọ́ ti dárúkọ ara rẹ̀. Mátíù 9:9 ń sọ̀rọ̀ Mátíù bí ìgbà tí ènìyàn ń sọ̀rọ̀ ẹlòmíràn. Lúùkù sọ fún Tìófílù pé ọ̀pọ̀ ti kọ ìtàn náà ṣáájú òun, òun sì fara balẹ̀ wádìí rẹ̀. Kò dárúkọ ara rẹ̀. Jòhánù 21:24 tọ́ka sí ọmọ-ẹ̀yìn tó jẹ́rìí, lẹ́yìn náà ni àwọn kan fi "àwa" kín ẹ̀rí rẹ̀ lẹ́yìn.

Ìjọ ìgbàanì ló fi àwọn orúkọ náà lé wa lọ́wọ́. Ní nǹkan bí ọdún 130, Papias, bíṣọ́ọ̀bù Hierapolis ní ilẹ̀ Tọ́kì òde òní, kọ ọ́ pé Máàkù ni ògbufọ̀ Pétérù, pé ó kọ ohun tó rántí bó ti tọ́, bí kò tilẹ̀ tò ó lẹ́sẹẹsẹ. Ìwé Papias ti sọnù. Eusebius ló tọ́jú ọ̀rọ̀ náà ní ọ̀rúndún kẹrin. Ní nǹkan bí ọdún 180, Irenaeus ti Lyon dárúkọ àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Àmọ́ àwọn ọ̀mọ̀wé ṣì ń béèrè pé: èé ṣe tí Mátíù àpọ́sítélì yóò fi lo bí ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ìwé Máàkù, ẹni tí kì í ṣe ara àwọn méjìlá? Ìbéèrè gidi ni. A kò lè fi bíbá ẹ̀mí wí dáhùn rẹ̀.

Ìtàn Bíbélì tiwa lè là wá lóye. Gbogbo wa ni a ń pè é ní Bíbélì Crowther, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹsẹ kan nínú rẹ̀ tó dárúkọ Crowther. Samuel Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣoògùn tí a kó lẹ́rú ní 1821, ló ṣíwájú iṣẹ́ náà. Ìwé Róòmù jáde ní 1850. Thomas King, tí a kó lẹ́rú ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá ní 1825, bá a ṣiṣẹ́. Ní 1862, iná jó ilé Crowther ní Èkó, ọ̀pọ̀ ìwé àfọwọ́kọ rẹ̀ sì bá a lọ. Ní 1864 ó di bíṣọ́ọ̀bù ní ẹkùn Odò Ọya. Àwọn mìíràn tún dá sí iṣẹ́ náà kí odindi Bíbélì tó parí ní 1884. Bí a bá dárúkọ Crowther nìkan, a kò purọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò tíì pé.

Àfiwé yìí ní ààlà. Lẹ́tà Crowther ṣì wà tí a lè kà. A kò ní lẹ́tà Máàkù. Síbẹ̀ ó kọ́ wa pé orúkọ kan lè dúró fún ọ̀pọ̀ ọwọ́, àti pé àwọn tó gba ìwé lè mọ ibi tó ti wá, bí ìwé náà kò tilẹ̀ sọ ọ́. Ní Èkìtì níhìn-ín, lára àwọn tó kọ́kọ́ mú ìhìn yìí wá ni àwọn tó gba òmìnira lóko ẹrú tí wọ́n padà sílé lẹ́yìn ogun Kírìjì. Orúkọ púpọ̀ nínú wọn kò sí nínú ìwé kankan. Ìjọ tí wọ́n gbìn ṣì wà.

Ní tiwa, a di ẹ̀rí ìjọ ìgbàanì mú, nítorí pé kò rọrùn láti rò pé ẹni tó fẹ́ fi orúkọ ńlá ta ìwé yóò yan Máàkù tàbí Lúùkù nígbà tí Pétérù wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àkọlé kọ́ ni ìgbàgbọ́ wa dúró lé. Jésù tí wọ́n jẹ́rìí sí ló dúró lé. Àkọlé Gíríìkì fúnra rẹ̀ kò ju "gẹ́gẹ́ bí Mátíù" lọ: Ìhìn Rere kan, ẹlẹ́rìí mẹ́rin.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará, bí ọmọ ìjọ bá béèrè, ẹ sọ ohun tí ìwé sọ, ẹ sọ ohun tí àwọn baba ìjọ sọ, ẹ má sì da méjèèjì pọ̀. Ẹni tó ń wádìí kò ṣe ju ohun tí Lúùkù ṣe lọ. Bí ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn bá tún dìde, a ó kọ́kọ́ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀, lẹ́yìn náà a ó ní kí ó ṣí Lúùkù orí 1, kí a jọ bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀.