Àjẹkù Oúnjẹ Kíákíá àti Ìlera Ajá

Oúnjẹ kíákíá, tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní fáàsì-fúùdù, ni oúnjẹ tí wọ́n ti dín tàbí sè sílẹ̀, tí oníbàárà kàn máa sanwó fún, tí yóò sì gbà lójú ẹsẹ̀: adìyẹ díndín, míìtì-páì, ṣàwámà, ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù inú ike. Súyà ẹ̀bá ọ̀nà náà wà lára rẹ̀. Èyí tó bá ṣẹ́ kù ló sábà máa ń di ti ajá, kò sì dára fún un. Ègé ẹran adìyẹ kan tí kò léegun kò ní pa ajá tó lera. Àmọ́ iyọ̀, òróró, àlùbọ́sà, áyù àti máàgì tó ń mú oúnjẹ náà dùn lẹ́nu ènìyàn, àwọn gan-an ni ara ajá kì í gbà.

Ní Ìjẹ̀bú-Òde, kò dìgbà tí ajá bá ń gbé ilé olówó kó tó kan irú oúnjẹ yìí. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, tí iná súyà bá ti ràn ní agbègbè Lagos Garage àti Ibadan Garage, àwọn ajá àdúgbò á ti jókòó síbi tí èéfín ń fẹ́ sí. Ẹni tó ń ta súyà á gé ẹran sórí bébà ìròyìn, á bu yàjì lé e, á rẹ́ àlùbọ́sà tútù sí i. Ẹni tó rà á á ṣa ẹran jẹ tán; àlùbọ́sà á kù nísàlẹ̀, nítorí kò fẹ́ kí ẹnu òun máa rùn nínú mọ́tò. Á ká bébà náà, á jù ú sílẹ̀. Ajá kì í ṣa nǹkan kan. Àlùbọ́sà, yàjì, ọ̀rá ẹran, títí dé etí bébà tó ti rin, gbogbo rẹ̀ ló máa gbé mì.

“Àjẹkù ni ajá àwọn bàbá wa jẹ dàgbà, wọn ò kú,” ni ọ̀pọ̀ àgbàlagbà máa ń wí. Òótọ́ wà nínú rẹ̀. Lọ́dún 2013, àwọn onímọ̀ tí Erik Axelsson ti Yunifásítì Uppsala ní Sweden ṣaájú wọn gbé ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn Nature. Wọ́n rí i pé ẹ̀dà méjì péré ni ìkookò ní nínú àbùdá kan tó ń ran ara lọ́wọ́ láti da oúnjẹ bí iṣu àti ọkà, ṣùgbọ́n ti ajá wà láàárín 4 sí 30. Bí ajá ṣe bá àgbẹ̀ gbé fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún ló fi mọ oúnjẹ àgbẹ̀ jẹ. Ìdí nìyẹn tí òkèlè ẹ̀bà gàrí Ìjẹ̀bú tàbí ewùrà sísè tí kò lọ́bẹ̀ kì í fi í ṣe ajá ní nǹkan kan.

Àmọ́ àjẹkù ìgbà náà yàtọ̀ sí ti òde òní. Ọdún 1986 ni Mr Bigg's àkọ́kọ́ ṣí ní Èkó. Indomie wọ Nàìjíríà lọ́dún 1988, KFC sì dé lọ́dún 2009. Láàárín nǹkan bí ogójì ọdún, ohun tó ń kù nínú abọ́ ti di iyọ̀ àti òróró ju oúnjẹ lọ, ogójì ọdún kò sì tó kí ara ajá fi bá a yí padà.

Àlùbọ́sà ló yẹ ká dúró lé lórí jù, nítorí kò sẹ́ni tó ka àlùbọ́sà sí májèlé. Èròjà oní-imí-ọjọ́ tó wà nínú rẹ̀ máa ń ba sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́ títí wọn ó fi fọ́. Sísè kò pa èròjà náà, dídín àti yíyan kò sì pa á. Ohun tí àwọn dókítà ẹranko kọ sílẹ̀ ni pé gíráàmù 15 sí 30 fún kílò kọ̀ọ̀kan tí ajá wọ̀n tó láti kó bá a. Ajá kékeré tó wọn kílò márùn-ún, gíráàmù 75 ti ṣe é lọ́ṣẹ́, èyí kò sì tó odindi àlùbọ́sà kan tó mọ níwọ̀n. Àlùbọ́sà gbígbẹ tí wọ́n lọ̀ burú jù bẹ́ẹ̀, nítorí díẹ̀ nínú rẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú ọ̀pọ̀ tútù. Áyù inú ọbẹ̀ ṣàwámà tún le ju àlùbọ́sà lọ.

Àìsàn náà kì í sì yọjú lọ́jọ́ náà. Ó lè di ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, nígbà tí ẹni tó ni ajá ti gbàgbé súyà pátápátá, kí ajá tó bẹ̀rẹ̀ sí í dùbúlẹ̀ kiri, kó máa mí gúlegúle, kí èrìgì rẹ̀ funfun, kí ìtọ̀ rẹ̀ sì pọ́n bíi sóbò. Tó bá ti rí báyìí, ó lè di dandan kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára.

Ọ̀rọ̀ eegun náà ń fẹ́ àtúnṣe, nítorí a ti gbà pé eegun ni oúnjẹ ajá. Mú eegun itan adìyẹ díndín, kí o ṣẹ́ ẹ. Kò ní tẹ̀. Ńṣe ló máa là gbọọrọ, tí ṣóńṣó rẹ̀ á mú bí abẹ́rẹ́. Iná ti gba omi ara rẹ̀ tán. Irú eegun bẹ́ẹ̀ lè há sí ọ̀nà ọ̀fun, ó sì lè gún ìfun, kó di ọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ.

Òróró ní tirẹ̀ máa ń mú kí pancreas, ẹ̀yà ara tó ń pèsè omi tó ń da oúnjẹ, wú. Ajá á máa bì léraléra, á tẹ àyà mọ́lẹ̀, á gbé ìdí sókè nítorí inú rírun. Ní ti ohun dídùn, ṣokoléètì onímílíìkì gíráàmù 100 lè da lílù ọkàn ajá oníkílò márùn-ún rú. Ṣingọ́ọ̀mù tí kò ní ṣúgà, tí wọ́n fi xylitol sí, lè fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wálẹ̀ láàárín wákàtí kan, kí gìrì sì mú un.

Ìwọ̀n ara ajá ni gbogbo ìṣirò yìí dúró lé. Ohun tí Alsatian oníkílò 30 jẹ tí kò mọ̀ ọ́n lára lè pa Lhasa kékeré. Ìgbà tó yẹ ká ṣọ́ra jù ní Ìjẹ̀bú-Òde ni Ojúde Ọba, ọjọ́ kẹta Iléyá, tí àlejò kún inú ilé, tí oníkálukú ń ju nǹkan sí ajá láìmọ̀ pé ẹlòmíràn ti jù sí i. Ẹni tó bá fẹ́ kẹ́ ajá rẹ̀ lè bọ adìyẹ láìfi iyọ̀ sí i, kó yọ eegun rẹ̀ kúrò, kó pò ó mọ́ ìrẹsì funfun díẹ̀.

Tí ajá bá ti jẹ ohun tí kò yẹ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi epo pupa rọ ọ́. Epo kì í pa májèlé. Tí ajá bá sì ń gbọ̀n, epo náà lè gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ, kó sì pa á. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko tó sún mọ́ yín. Ilé ìwòsàn ẹranko wà ní yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ Abẹ́òkúta, FUNAAB, ó sì wà ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ẹ mú ọ̀rá tàbí páálí ohun tó jẹ dání, kí ẹ sì rántí aago tó jẹ ẹ́, nítorí ohun méjì yìí ni dókítà máa kọ́kọ́ bèèrè.