Àlá Ṣàdárè: Ìtumọ̀ Àlá àti Ọ̀ràn Àṣẹ nínú Ìjọ ní Ìjẹ̀bú-Òde, 1918–1922

Ní ọdún 1918, nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn lúkúlúkú ń pa ènìyàn káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, J. B. Ṣàdárè lá àlá kan ní Ìjẹ̀bú-Òde. Alágbẹ̀dẹ wúrà ni, ó sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú ìjọ Áńgílíkà St. Saviour's. Gẹ́gẹ́ bí ìtàn àwọn Aládùúrà ti gbé e kalẹ̀, ó rí ìjọ náà tí ó pín sí méjì. Apá kan tóbi, ṣùgbọ́n òkùnkùn bò ó. Apá kejì kéré, ìmọ́lẹ̀ sì kún inú rẹ̀. A sọ fún un pé àwọn tí kì í fi àdúrà ṣeré ni ó wà nínú ìmọ́lẹ̀. Láti inú àlá yìí ni ẹgbẹ́ àdúrà tí a wá mọ̀ sí Ẹgbẹ́ Òkúta Iyebíye ti jáde.

Ẹni tí ó bá mọ bí Yorùbá ti ń túmọ̀ àlá yóò rí i pé àlá yìí yàtọ̀. Ọ̀pọ̀ àlá ni a máa ń yí ìtumọ̀ rẹ̀ padà: ẹni tí ó lá àlá pé òun kú, ẹ̀mí gígùn ni wọ́n á ní ó rí, ẹni tí ó jẹun lójú àlá, tí oúnjẹ náà tilẹ̀ dùn, ẹ̀rù ni yóò fi jí. Ohun tí ojú rí kọ́ ni ìtumọ̀. Nítorí náà ni a ṣe ń rọ́ àlá fún àgbà, bí ó bá sì le, a gbé e tọ babaláwo lọ kí Ifá lè fọhùn sí i. Àlá ti Ṣàdárè kò dúró de ẹnikẹ́ni: ìtumọ̀ bá a wá lójú oorun. Kò sí iṣẹ́ fún babaláwo níbẹ̀, kò sì sí fún àlùfáà ìjọ pẹ̀lú.

Àwọn ọ̀gá ìjọ kò lè sọ pé Ọlọ́run kì í fi àlá bá ènìyàn sọ̀rọ̀. Bíbélì Yorùbá ti wà ní odindi ṣáájú ọdún 1900, ọ̀rọ̀ kan náà, àlá, ni ó sì lò fún ohun tí Jósẹ́fù àti Fáráò rí àti fún ohun tí ará ilé ń rọ́ fún ara wọn láàárọ̀. Ìjà tí ó bẹ́ sílẹ̀ kì í ṣe lórí bóyá àlá lè jẹ́ òtítọ́. Ta ni ó ní àṣẹ láti sọ pé òtítọ́ ni? Ṣàdárè kì í ṣe àlùfáà. Sophia Ọdúnlámì, tí ó dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ náà, kì í ṣe àlùfáà, kì í sì í ṣe ọkùnrin: ọ̀dọ́mọbìnrin olùkọ́ ni, ìtàn ẹgbẹ́ sì sọ pé nígbà àjàkálẹ̀ náà ni a fi hàn án pé kí a lo omi òjò àti àdúrà fún ìwòsàn.

Nígbà tí ó di ọdún 1922, ọ̀rọ̀ kò ṣeé bò mọ́lẹ̀ mọ́. Àwọn ọ̀gá ìjọ kò fara mọ́ bí ẹgbẹ́ náà ti kọ ìrìbọmi ọmọ ọwọ́, bí wọ́n ti kọ oògùn, àti bí wọ́n ti gbára lé àlá àti ìran. Àwọn Òkúta Iyebíye bá kúrò. Ìwé kíkọ sí Amẹ́ríkà ni wọ́n fi bá ìjọ Faith Tabernacle ní Philadelphia rẹ́, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì gbà.

Láti ìgbà náà, àlá Ṣàdárè dà bí àsọtẹ́lẹ̀: apá òkùnkùn ni ìjọ tí wọ́n fi sílẹ̀, apá ìmọ́lẹ̀ ni àwọn fúnra wọn. Kíkà bẹ́ẹ̀ yá ju bí ó ti yẹ lọ. Bí ọdún mẹ́rin ni ẹgbẹ́ náà fi wà nínú St. Saviour's lẹ́yìn àlá yẹn, èyí tí ẹni tí a pàṣẹ fún pé kí ó jáde kì í ṣe. Ilé kan ṣoṣo ni apá méjèèjì inú àlá náà wà. Ó ṣeé ṣe kí Ṣàdárè gbọ́ ọ nígbà náà gẹ́gẹ́ bí ìpè pé kí apá tí ó mọ́lẹ̀ máa tàn sí èyí tí ó ṣókùnkùn. Àwọn tí ó ti jáde ni ó rọ́ àlá náà fún wa, ẹni tí ó bá sì rọ́ àlá lẹ́yìn tí nǹkan ti ṣẹlẹ̀ ti mọ ibi tí yóò parí sí.

Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn ìyapa náà, ní oṣù kẹfà 1925, Abíọ́dún Akínsọ̀wọ́n, ọ̀dọ́mọbìnrin Áńgílíkà kan ní Èkó, wọ inú ìran, kò sì jí bọ̀rọ̀. Mose Orímọládé, oníwàásù tí ìjọ kankan kò fi joyè, ni wọ́n ránṣẹ́ pè.